Ẹ Má Kí Dókítà

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, ìka kan ni mo fi ń dá àwọn èèyàn lóhùn. Aláìsàn á wọlé, á ní, "Ẹ káàárọ̀, dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o," èmi á gbé ìka ìfábẹ̀lá sókè díẹ̀, ojú mi kò sì ní kúrò lórí ìwé tí mò ń kọ. Ọwọ́ ọ̀tún ló ń kọ̀wé, nítorí náà ọwọ́ òsì ni mo fi ń dáhùn. Ọmọ Ọ̀fà ni mí, mi ò ṣaláìní ẹ̀kọ́ ilé. Mo mọ ohun tí màmá mi ìbá ṣe sí ọwọ́ òsì yẹn ká ní ó wà níbẹ̀.

Dókítà ìdílé ni mí. Iṣẹ́ wa kò dún létí bíi ti àwọn tó ń fi ọ̀bẹ ṣe tiwọn, àmọ́ ọ̀dọ̀ wa ni gbogbo nǹkan ti ń bẹ̀rẹ̀. Orúnkún àgbàlagbà, ikọ́ ọmọdé, ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, obìnrin tí oyún kì í dúró lára rẹ̀, ọkùnrin tó ní òun kì í rí oorun sùn, tó sì jẹ́ pé ìyàwó ló kó ẹrù jáde. A mọ ìyá, a mọ ọmọ, a mọ ẹni tí ọmọ fẹ́ fẹ́. Mẹ́ta ni wá nígbà kan ní ọsibítù tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Èkíní jápa. Èkejì fi í ṣe yẹ̀yẹ́ fún oṣù mẹ́fà, lẹ́yìn náà òun náà jápa. Àwọn ọ̀gá ní kí n fara dà á díẹ̀, pé àwọn ń wá ẹlòmíràn. Díẹ̀ yẹn ti lé ní ọdún kan àbọ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀.

Aago méje ni mo máa ń dé ọsibítù láràárọ̀. Mà á páàkì sábẹ́ igi dóńgóyárò, mà á pa mọ́tò, mà á sì jókòó síbẹ̀. Láti ibẹ̀ mo lè rí bẹ́ǹṣì tó wà ní ọ̀ọ̀dẹ̀: àwọn tó gun ọ̀kadà láti Ìjàgbó wá, àwọn ìyá tó pọn ọmọ, àwọn tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì tí wọ́n gbé báàgì dúdú lé ẹsẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìṣẹ́jú méjì ni mo ń lò kí n tó sọ̀kalẹ̀. Nígbà tó yá ó di mẹ́wàá, ó di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kò sí ibi kankan tó ń dùn mí. Ọwọ́ mi ni kì í fẹ́ ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀. Bí aláìsàn kan bá wá sọ irú ẹ̀ fún mi, mo mọ ìbéèrè tí mo máa bi í, lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi kò bi ara mi ní ìkankan nínú wọn.

Ohun tí mo kọ́kọ́ kórìíra ni kíkí. Ẹ̀yin náà ẹ mọ bí a ṣe ń kí ara wa níbí. Ẹnì kan kì í wọlé kó ní inú ń run òun. Á kí ẹ fún òwúrọ̀, á kí ẹ fún iṣẹ́, á kí ẹ fún òjò àná, á bèèrè ọkọ, á bèèrè ọmọ, á bèèrè ìyẹn tó wà ní pólì, ṣé wọ́n ti parí ìdánwò. Bàbá àgbẹ̀ kan wà láti Ìjàgbó, aborìṣà ni, tí kì í fi ìwúre ṣeré rárá. Bó bá kí mi tán, á gbójú sókè, á kí fáànù: "Ìwọ náà kú iṣẹ́ o, o ò sinmi." Tẹ́lẹ̀, mo máa ń rẹ́rìn-ín títí omi á fi jáde lójú mi. Ní ọdún yẹn, díẹ̀ ló kù kí n sọ bírò lu bàbá náà.

Ó tún wá ku ti ẹ̀yìn. Àwọn aláìsàn wa kì í tètè sọ ohun tó gbé wọn wá. Wọ́n á sọ ti orí fífọ́, mà á kọ oògùn orí fífọ́, wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á dìde, wọ́n á di ilẹ̀kùn mú, ìgbà yẹn ni wọ́n á tó yíjú padà: "Ẹ̀hẹn, dókítà, ó ku kékeré kan." Kékeré kan yẹn gan-an ni àìsàn. Ẹ̀jẹ̀ tó ń jáde níbi tí kò yẹ wà nínú kékeré kan. Ọkọ tó ń na ìyàwó wà níbẹ̀. Gbogbo kíkí ìṣáájú yẹn, ọ̀nà ni wọ́n ń là débẹ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo ti fi kọ́ àwọn tó wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi rí. Ṣùgbọ́n ẹni tí iṣẹ́ ti gbẹ́ nínú kì í rí ọ̀nà kankan, iye èèyàn tó kù níta ló ń rí.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, ọ̀rẹ́ mi tó kọ́kọ́ jápa pè mí lórí fóònù. Ó gbọ́ ohùn mi, ó ní kí ló dé tí mò ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó wà lábẹ́ omi. Mo rojọ́ fún un. Ó ní níbi tí òun wà, àìsàn kan ni aláìsàn lè sọ lẹ́ẹ̀kan, bó bá ní méjì, kó gba ọjọ́ mìíràn, kò sì sí pé à ń bèèrè ará ilé. "Fi ààlà sí i," ló ń sọ ṣáá. "Bí o ò bá fi ààlà sí i, iṣẹ́ yẹn á jẹ ẹ́ tán." Òótọ́ ọ̀rọ̀ ló sọ, kò purọ́ fún mi. Ojú mi là. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè mo gé páálí, mo fi máàkà dúdú kọ ọ́ gàdàgbà-gàdàgbà: Ẹ JỌ̀Ọ́, Ẹ MÁ KÍ DÓKÍTÀ. ÀÌSÀN KAN ṢOṢO NI KÍ Ẹ SỌ. Ẹ ṢEUN.

Nọ́ọ̀sì àgbà tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ti wà ní ọsibítù yẹn kí n tó dé, ó sì ju ẹ̀gbọ́n mi àgbà lọ. Ó ka páálí náà, ó tún un kà.

"Dókítà, ẹ má bínú o. Ṣé Ọ̀fà níbí lẹ fẹ́ ká lẹ èyí sí?"

"Ẹ bá mi lẹ̀ ẹ́ mà."

"Ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò o."

"Obì kọ́ ni wọ́n ń mú bọ̀, mà. Àìsàn ni."

Nọ́ọ̀sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn, àmọ́ sẹ́lótéèpù ẹyọ kan péré ló fi sí i lókè, bí ẹni tó ń retí kó já bọ́.

Àwọn èèyàn wa kò ṣé mú lọ́nà bẹ́ẹ̀. Ọlọ́kadà kan wọlé, ó ní, "Wọ́n ní ká má kí yín, torí náà mi ò kí yín o. Ẹ kú iṣẹ́." Àwọn ìyá ń kí nọ́ọ̀sì níta, wọ́n ń ní kó bá àwọn fi jíṣẹ́. Bàbá àgbẹ̀ ní kí wọ́n ka ohun tí wọ́n kọ fún òun. Ó gbọ́ ọ tán, ó wọlé, kò wo ibi tí mo wà, ó gbójú sókè, ó sì kí fáànù tọ̀yàyà-tọ̀yàyà. Ó bèèrè ará ilé rẹ̀. Ó ṣàdúrà fún un pé kò ní bàjẹ́. Lẹ́yìn náà ló jókòó, ó ní ẹ̀yìn ń dun òun.

Síbẹ̀, bẹ́ǹṣì ń tètè tán. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mo ti ń délé ní aago mẹ́rin. Mo pe ọ̀rẹ́ mi, mo ní ó ń ṣiṣẹ́. Ohun tí n kò sọ fún un ni pé aago mẹ́rin tí mò ń délé yẹn, orí àga ni mo máa ń jókòó sí pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ní ọjọ́ kan ọmọ mi obìnrin kúnlẹ̀ kí mi kú àbọ̀, mo gbé ìka sókè sí i. Ó wo ìka náà, ó wo ojú mi, ó dìde, ó wọ yàrá rẹ̀ lọ. N kò mọ̀ nígbà náà pé èmi gan-an ń rí nǹkan jẹ nínú kíkí tí mo lé lọ. Nínú gbogbo "ẹ kú iṣẹ́" yẹn, ẹnì kan á máa bi mí bóyá mo ti jẹun. Ẹnì kan á ní ojú mi rù, kí n rọra ṣe é. Mo ti fi páálí lé gbogbo wọn.

Gbogbo èèyàn ló fo páálí yẹn dá, àfi ẹnì kan. Tíṣà mi ni.

Òun ló kọ́ mi ní pírámárì tiri ní iléèwé ìjọ wa. Nínú ìdánwò kan, ó kọ ọ́ sójú pátákó pé ká dáhùn mẹ́ta nínú ìbéèrè márùn-ún. Èmi olóye dáhùn márààrún, mo sì gba márààrún. Òdo ló fún mi. Mo sunkún délé, màmá mi bá mi padà lọ. Tíṣà ní, "Ó gba gbogbo ìbéèrè, mà. Ohun tí mo kọ sójú pátákó ni kò gbà. Ẹni tó kàwé tí kò ṣe ohun tó kà, kò tíì mọ̀wé." Màmá mi ní òótọ́ ni, ó sì fi etí mi fà mí délé. Gbogbo ohun tí mo kọ́ ní kíláàsì yẹn ni mo ti gbàgbé, n kò gbàgbé òdo náà.

Nígbà tí mo di dókítà tí mo padà sí Ọ̀fà, ó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gba káàdì lọ́dọ̀ mi, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Oṣooṣù ló ń wá, fún ọdún mẹ́jọ. Bó bá ti wọlé, mà á dìde kúrò lórí àga, mà á kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì. "Dìde jàre," ló máa ń sọ, "ta ló rí dókítà tó ń kúnlẹ̀ fún aláìsàn?" Inú rẹ̀ á sì máa dùn, ẹ ó rí i ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Òun nìkan ló ń pè mí ní "ìwọ" nínú ọsibítù yẹn. Á yẹ ìwé oògùn tí mo kọ wò, á mi orí: "Ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ ti bàjẹ́ pátápátá." Mo fẹ́ràn rẹ̀, mo sì ń bẹ̀rù rẹ̀ díẹ̀ títí di òní.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí òjò rọ̀, ó wá. Nọ́ọ̀sì ló sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ó dúró níwájú ilẹ̀kùn, ó mú awò ojú jáde nínú báàgì, ó ka páálí náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó dá awò padà sínú àpò rẹ̀, ó sì pa ẹnu dé. Ó wọlé. Ó jókòó. Ó gbé káàdì rẹ̀ sórí tábìlì, ó ń wò mí. Mo gbé ìka sókè. N kò dìde, ká má tíì wá sọ ti ìkúnlẹ̀.

"Kí ló ń ṣe yín mà?"

"Ẹ̀jẹ̀ ríru."

Bó ṣe dá mi lóhùn nìyẹn, bí ọmọ kíláàsì. Mo fa ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Apá òsì ló máa ń nà sí mi láti ọdún mẹ́jọ. Lọ́jọ́ yẹn, apá ọ̀tún ló nà. Mo rí i. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mo rí i. Mo wé ẹ̀rọ mọ́ apá ọ̀tún, mo wọ̀n ọ́n, kò burú, mo kọ oògùn rẹ̀ fún un. Ó gbà á, kò sọ nǹkan kan nípa ọwọ́ ìkọ̀wé mi. Ó dìde, ó gbé báàgì rẹ̀, ó di ilẹ̀kùn mú, ó sì dúró níbẹ̀. Mo rò pé ó gbàgbé nǹkan. Mo wo orí àga, kò sí nǹkan níbẹ̀. Mo bá ké sí nọ́ọ̀sì pé kí ẹni tó kàn máa bọ̀. Tíṣà mi jáde, ó rọra pa ilẹ̀kùn dé lẹ́yìn ara rẹ̀.

Kò wá ní oṣù tó tẹ̀ lé e, kò sì wá ní èyí tó tẹ̀ lé ìyẹn. N kò ránṣẹ́ sí i. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́: inú mi dùn pé bẹ́ǹṣì fi ẹnì kan dín.

Ọyẹ́ ti ń fẹ́ nígbà tí àbúrò rẹ̀ obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ ní Ìlémọnà fi kẹ̀kẹ́ gbé e wá. Àbúrò yìí kò bìkítà fún páálí. Láti ẹnu ọ̀nà ló ti ń sọ̀rọ̀: "Dókítà, ẹ bá mi bá ẹ̀gbọ́n mi wí o. Aṣọ ni wọ́n fi ń dì í láti ọjọ́ yìí, àná ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i." Tíṣà mi ti rù. Kí ó tó tú aṣọ lára, òórùn rẹ̀ ti sọ fún mi. Ọyàn òsì ni. Kókó tó wà níbẹ̀ ti là síta. Mo yẹ abíyá rẹ̀ wò, ọwọ́ mi kan àwọn mìíràn níbẹ̀. Mo bo aṣọ padà lé e, mo sì jókòó.

"Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀, mà?"

"Ó ti wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí mo wá nínú òjò. Ó kéré nígbà náà. Kò ju èso àgbálùmọ̀ lọ."

"Mà, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

Kò bínú. Ìbá sàn ká ní ó bínú. Ohùn kíláàsì yẹn náà ló fi dá mi lóhùn, ohùn tó fi ń ṣàlàyé ohun tó rọrùn fún ọmọ tí kò gbọ́.

"Àìsàn kan ṣoṣo lo ní ká sọ. Mo sọ ẹ̀jẹ̀ ríru, torí òun ló wà nínú káàdì." Ó tún aṣọ rẹ̀ dì. "Ọ̀rọ̀ ọyàn sì kọ́ ni mà á fi bẹ̀rẹ̀ níwájú ẹni tí n kò tíì kí. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ní bóyá wàá bi mí."

Àbúrò rẹ̀ ń wo èmi, ó ń wo òun. Mo kọ lẹ́tà sí ọsibítù ńlá ní Ìlọrin, ìwé mẹ́ta ni mo bà jẹ́ kí n tó rí ọ̀kan kọ. Nígbà tí kẹ̀kẹ́ wọn lọ tán, mo jáde lọ sẹ́nu ọ̀nà, mo fa páálí náà ya. Sẹ́lótéèpù ẹyọ kan yẹn kò já láti ọjọ́ tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́. Nọ́ọ̀sì gba páálí yíya náà lọ́wọ́ mi. Kò ní "mo sọ bẹ́ẹ̀". Ó ní, "Ẹ jókòó, dókítà. Ṣé ẹ ti fi nǹkan kan sẹ́nu láti àárọ̀?" N kò rántí.

Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní Ìlọrin. Wọ́n gé ọyàn náà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi oògùn tó ń mú irun ré sí i lára. Jẹjẹrẹ ni, mo ti mọ̀ kí wọ́n tó sọ. Mo pe dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ níbẹ̀, a jọ kàwé ni, mo bi í pé ká ní a kò pàdánù oṣù wọ̀nyẹn ńkọ́. Ó ní, "Ẹ má bi mí ní ìyẹn, ẹ jọ̀ọ́." N kò tún bi í mọ́, ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ kan tí n kì í bi ara mi.

Mo kọ̀wé sí àwọn ọ̀gá pé ẹnì kan kò lè ṣe iṣẹ́ ẹni mẹ́ta. Wọ́n ní àwọn ti rí ìwé mi. Mo ṣì ń jókòó nínú mọ́tò láràárọ̀. Ààlà dára, mi ò ní purọ́ mọ́ ọ̀rẹ́ mi. Ibi tí mo fi í sí ni kò dára. Àwọn tó yẹ kí n fi ààlà sí ọ̀dọ̀ wọn kì í wá jókòó lórí bẹ́ǹṣì.

Lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, tíṣà mi wá fún ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀. Gèlè ló wé, kò sí irun lábẹ́ rẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Kò ní kí n dìde jàre. Ó gbọ́wọ́ lé mi lórí, ó fi í síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀: ẹ̀ẹ́ ti jẹ́, iṣẹ́ ńkọ́, ọkọ rẹ ńkọ́, ọmọbìnrin rẹ ńkọ́, ṣé ó ti mọ ìṣirò. Mo dá a lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo wọn apá ọ̀tún, torí lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, wọ́n ti kìlọ̀ fún un ní Ìlọrin pé kí ẹnikẹ́ni má wọn òsì mọ́. Mo kọ oògùn. Ó yẹ ìwé náà wò, ó mi orí. Ó dìde, mo sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Mo na ọwọ́ láti ṣí ilẹ̀kùn fún un, mo di ilẹ̀kùn mú, ọwọ́ mi kò sì ṣí i, bí kì í ti í ṣí ti mọ́tò.

"Mà," mo ní, "ó ku kékeré kan."

Ó wò mí. Ó yí padà, ó rọra rìn lọ. Àga mi ló sún mọ́ ọn jù, orí rẹ̀ ló jókòó sí, ó gbé báàgì lé ẹsẹ̀. Èmi jókòó sí ti aláìsàn. Nọ́ọ̀sì yọjú pé bẹ́ǹṣì ti kún. Tíṣà mi gbé ìka kan sókè sí i, ti ọwọ́ ọ̀tún, nọ́ọ̀sì sì pa ilẹ̀kùn dé.

"Kí ló ń ṣe ẹ́?"

"Ó rẹ̀ mí, mà. Kì í ṣe ti oorun. Mo máa ń jókòó nínú mọ́tò láràárọ̀, n kì í lè sọ̀kalẹ̀."

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ wá nínú òjò."

Ó wo ilẹ̀kùn, níbi tí páálí yẹn wà rí lódì kejì.

"Àwa méjèèjì la jọ wà nínú yàrá yìí lọ́jọ́ náà," ó ní, "olúkúlùkù pẹ̀lú tirẹ̀."

Mo bú sẹ́kún. Ó jẹ́ kí n sun ún tán, ó wá ní kí n sọ ọ́ fún òun láti ìbẹ̀rẹ̀.